Màmá ń lo warfarin, orúnkún ò sì jẹ́ kí wọ́n sùn: kí la lè fún wọn?

Ọmọ Màmá, Kubwa

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará Àbújá àti gbogbo Òkè Ọya. Ọ̀rọ̀ màmá mi ni mo gbé wá. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé báyìí. Ọkàn wọn máa ń lù ségesège, dókítà bá fi wọ́n sórí warfarin kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì nínú ọkàn, kó wá gba ibẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Ìyẹn ń lọ dáadáa, a kì í pa àyẹ̀wò INR jẹ, èyí tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì hàn. Orúnkún ni wàhálà wa. Látìgbà tí ọyẹ́ ti dé, wọn ò lè dìde lórí àga láìdi nǹkan mú, bó bá sì dòru, ọwọ́ ni wọ́n fi ń pa á títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Feldene ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ó sì máa ń gbọ́ tiwọn. Dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án mọ́, pé paracetamol ni kí wọ́n máa lò. Màmá ní omi lásán ni paracetamol. Ọkùnrin tó ni kẹ́míìsì àdúgbò wa ní òun á gún wọn ní abẹ́rẹ́ kan, pé kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n á máa jó. Ìyàwó àbúrò mi tó wà ní Kàdúná ní ká gbé wọn wá kí wanzami (onígbàjámọ̀ Hausa) fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ burúkú kúrò lórí orúnkún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹni tó ń lo irú oògùn yìí, kí lẹ fi ń gbà á?

Bọ̀dá Lugbe

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín jù. Bàbá mi ń lo warfarin, wọ́n sì ń lo ibuprofen. Kí wọ́n ṣáà ti jẹun kánú kọ́kọ́. Lọ́jọ́ tí ìrora bá pọ̀, wọ́n á fo warfarin, wọ́n á lo ibuprofen, ọjọ́ kejì wọ́n á padà sórí tiwọn. Kò sóhun tó ṣe wọ́n.

Apòògùn Wuse

Bọ̀dá Lugbe, ẹ má bínú, ohun méjèèjì tẹ́ ẹ sọ yìí léwu gan-an, mi ò sì fẹ́ kí ẹni tó ń kà á lọ gbé e ṣe.

Ibuprofen, diclofenac, naproxen, àti piroxicam tó jẹ́ Feldene, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣèpalára fún ẹni tó ń lo warfarin. Nígbà tí ara bá ya, àwọn platelet inú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sáré lọ dí ojú ibẹ̀. Àwọn oògùn yìí ò ní jẹ́ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ yẹn. Warfarin sì ti dín agbára èròjà yòókù tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kù, torí náà kò sẹ́ni tó kù tó máa dí ojú ọgbẹ́. Èkejì, wọ́n máa ń mú ohun tó ń dáàbò bo awọ inú ikùn lọ́wọ́ ásíìdì kúrò, ibẹ̀ á wá di egbò. Ká jẹun kó tó dẹ́nu lè mú kí inú má ta èèyàn, àmọ́ kò dáàbò bo ikùn, torí láti inú ẹ̀jẹ̀ ni oògùn náà ti ń ṣiṣẹ́ ibi ọ̀hún. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ náà fi ń dá ọgbẹ́ sí ikùn. Àgbàlagbà sì lè máa ṣẹ̀jẹ̀ nínú láìní inú rírun rárá, ìgbà tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà ni wọ́n máa tó mọ̀.

Ti fífo warfarin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún bàbá kí wọ́n dáwọ́ ẹ̀ dúró. Warfarin kì í kúrò lára ní ọjọ́ kan, ó máa ń tó ọjọ́ mélòó kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n fò ó yẹn, ó ṣì wà lára wọn, ibuprofen á wá bá a níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì ń fò ó lemọ́lemọ́, INR á wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì, rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń sá fún á sì dé.

Abẹ́rẹ́ kẹ́míìsì ńkọ́? Diclofenac ló sábà máa ń wà níbẹ̀, wọ́n tún lè da dexamethasone mọ́ ọn. Ká tilẹ̀ ní omi ni, abẹ́rẹ́ tó wọ inú ẹran ìdí ẹni tó ń lo warfarin lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa jò sínú ẹran náà, kó wú, kó le. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gún wọn ní abẹ́rẹ́ ìdí láìjẹ́ pé dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ wọn mọ̀ sí i.

Ohun kan tún wà táwọn èèyàn wa kì í kà sí oògùn. Ẹ bá mi yẹ àpò màmá wò, ẹ wo abẹ́ ìrọ̀rí wọn. Aspirin àti caffeine ló wà nínú Alábùkún. Àwọn oògùn ọ̀fìnkìn àti ti ara ríro alápòpọ̀ kan ní ibuprofen tàbí aspirin nínú. Ẹ̀yìn páálí ni kẹ́ ẹ máa kà, ẹ má wo àwòrán iwájú.

Alhaja Kàdúná

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti ìwo yìí, torí mo mọ̀ pé wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú wa. Èmi máa ń ṣe hijama, sunnah ni, ó sì ń tu ẹ̀yìn mi lára. Mi ò ní sọ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹni tí mo ń lọ, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ bi èèyàn kó tó mú abẹ fẹ́lẹ́ ni pé, "Ṣé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀?" Ojú mi ló ṣe dá alhaji kan padà sílé, bàbá yẹn ń bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ìyàwó àbúrò yín ò mọ̀ ni. Ẹ má gbé màmá wá o.

Nọ́ọ̀sì Minna

Alhaja, ẹ ṣé gan-an. Mo ti tọ́jú ẹni tí ojú abẹ lórí orúnkún rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀. Kò ju kí ẹ̀jẹ̀ kán díẹ̀díẹ̀, a óò dì í, á tún rin báńdéèjì. Gbẹ́rẹ́ náà wà níbẹ̀, ẹ̀yin ará ilé, kì í ṣe ìwo Hausa nìkan. Ìwo tí wọn ò fi abẹ sí pàápàá, ẹ̀jẹ̀ lè kóra jọ sábẹ́ awọ níbi tó ti fà á. Kẹ́ni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ náà má fi agbára wọ́ ọ.

Alàgbà Gwarinpa

Èmi gba ọ̀nà míì. Rivaroxaban, oògùn míì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni dókítà mi gbé mi sí. Kò sí INR, kò sí pé mo jẹ ẹ̀fọ́ tàbí mi ò jẹ. Bí oríkèé bá ń ro mí, mo ń lo diclofenac mi. Ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ ti màmá, owó rẹ̀ ló kàn wọ́n díẹ̀.

Apòògùn Wuse

Alàgbà, ẹ kú àdúrótì sà. Òótọ́ ni pé rivaroxaban, apixaban àti dabigatran ò nílò INR. Ìyẹn ò sọ pé ẹni tó ń lò wọ́n ò lè ṣẹ̀jẹ̀. Diclofenac tó ń dá ọgbẹ́ sínú ikùn ẹni tó ń lo warfarin, òun náà ló ń dá a sí ti ẹni tó ń lo rivaroxaban. Ó tún lè pa kíndìnrín lára, kíndìnrín sì wà lára ohun tó ń gbé rivaroxaban jáde lára. Bí kíndìnrín bá ń rẹ̀ sẹ́yìn, oògùn náà á máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ yín láìsí àyẹ̀wò INR kankan tó máa ta yín lólobó. Ìgbà wo lẹ ṣe àyẹ̀wò kíndìnrín kẹ́yìn sà?

Kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló ṣeé gbé sórí wọn. Ẹni tí wọ́n fi fáàfù irin sínú ọkàn rẹ̀, warfarin ni tirẹ̀. Dókítà ọkàn ló máa sọ bóyá ti màmá ṣeé pààrọ̀.

Alàgbà Gwarinpa

Ó ti pẹ́ díẹ̀. Màá bi dókítà lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ṣọlá Jos

Ẹ jẹ́ ká padà sórí paracetamol, torí bí wọ́n ṣe ń lò ó ni ò jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Màmá tèmi náà ń pariwo "omi lásán". Ẹyọ kan ni wọ́n ń lò nígbà tí ìrora bá ti gbalẹ̀ tán. A yí i padà: méjì láàárọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn ọjọ́, méjì lálẹ́ kí wọ́n tó sùn. Ìyàtọ̀ dé. Òtútù Jos ló sì ń bá wọn jà o, kì í ṣe ọyẹ́ Àbújá tẹ́ ẹ̀ ń pariwo lé lórí. Paracetamol ò léwu kankan, ẹ jẹ́ kí wọ́n lò ó bó ṣe wù wọ́n.

Apòògùn Wuse

Mo fara mọ́ ti àárọ̀ àti alẹ́, àmọ́ "bó ṣe wù wọ́n" kọ́. Hóró 500 mg méjì lẹ́ẹ̀kan, kó tó wákàtí 4 sí 6 kí wọ́n tó tún lò ó, kó má sì ju hóró 8 lọ ní wákàtí 24. Ẹni tó bá rù, tí kò tó kílò 50, tàbí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò dáa, tàbí tó ń mutí, tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré sí i. Kó bi dókítà. Ẹ má sì gbàgbé pé paracetamol wà nínú oògùn ọ̀fìnkìn, ká má lọ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé bí ẹni tó ń lo warfarin bá ń lo paracetamol púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, INR rẹ̀ lè gòkè. Òun ṣì ni ó dáa jù nínú oògùn ìrora fún wọn, àmọ́ ẹ sọ ọ́ ní kíníìkì pé ó ti di ojoojúmọ́, kí wọ́n lè tètè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n má dúró de ọjọ́ tó wà lórí káàdì. Ti ọkàn tó ń lù ségesège, INR 2 sí 3 ni wọ́n sábà máa ń fẹ́.

Àǹtí Nyanya

Kí ló dé tẹ́nìkan ò sọ̀rọ̀ ìpara? Èmi ò gba oògùn ẹnu gbọ́ mọ́. Ẹ fi ìpara gbígbóná ra á dáadáa, ẹ fi aṣọ òtútù wé e, ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn.

Nọ́ọ̀sì Minna

Àǹtí, ó kù díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpara gbígbóná yẹn ní methyl salicylate nínú, ìbátan aspirin ni. Ara ń fà á mu. Bí wọ́n bá ń kùn ún sí orúnkún méjèèjì, ẹ̀yìn, èjìká, lójoojúmọ́, tí wọ́n tún wé aṣọ mọ́ ọn, ó lè gbé INR sókè. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí.

Èyí tí wọ́n fi ata ṣe, tí wọ́n kọ capsaicin sí lára, kò ní wàhálà yẹn. Ó máa ń ta fún ọjọ́ mélòó kan kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ má sì fi ọwọ́ yẹn kan ojú. Jẹ́ẹ̀lì diclofenac, èyí tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ kéré gan-an sí ti ẹnu, àwọn dókítà kan máa ń gbà kí wọ́n kun díẹ̀ sórí orúnkún kan. Ẹ bi tiyín kẹ́ ẹ tó rà á. Táwẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún, kò gba àṣẹ ẹnikẹ́ni.

Físíò Karu

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ látòkè, gbogbo yín ń wá ohun tí màmá máa gbé mì tàbí ohun tí wọ́n máa kùn. Ẹran itan ló ń gbé orúnkún ró. Bí ìrora bá dé, àwọn àgbàlagbà wa á jókòó, ẹran itan á máa fọ̀n, ẹrù á bọ́ sórí egungun, ìrora á tún pọ̀. Kò sí Feldene tó máa tún ìyẹn ṣe.

Ẹ gbé màmá jókòó sórí àga tó le, kí ẹ̀yìn wọn kan ẹ̀yìn àga. Kí wọ́n na ẹsẹ̀ kan síwájú títí á fi gún, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjú sókè, kí wọ́n fún ẹran itan mọ́ra. Ẹ fi ọwọ́ yín lé orí itan náà, ẹ máa mọ̀ ọ́n bó bá le. Kí wọ́n ka ení dé àrún, kí wọ́n rọra sọ ọ́ kalẹ̀, kí wọ́n má jẹ́ kó já wálẹ̀ pàì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ẹsẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá èkejì, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bó bá ti pọ̀ jù, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́ta. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó rí ìyàtọ̀, torí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n jù ú sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta.

Ọ̀pá ìtìlẹ̀: bó bá jẹ́ orúnkún ọ̀tún ló ń dùn wọ́n, ọwọ́ òsì ni kí wọ́n fi mú un, kí ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tó ń dùn jọ gbéra. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i tí wọ́n ń mú un sí ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn, wọ́n á sì máa tẹ̀ sí orúnkún tí wọ́n fẹ́ gbà sílẹ̀.

Àga tó rẹlẹ̀, ẹ gbé fóòmù lé e. Ilé ìgbẹ́ tí wọ́n ń lóṣòó sí, ẹ ra àga oníhò, kò wọ́n lọ́jà. Bí wọ́n bá ń kírun, kí wọ́n kí i lórí àga. Bí wọ́n bá sanra, kílò 1 tó bá kúrò lára wọn, bíi kílò 4 ló ń kúrò lórí orúnkún ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ìṣubú ló ń bà mí lẹ́rù jù fún ẹni tó ń lo warfarin. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì tó ń ká sókè kúrò lọ́nà, kí ilẹ̀ balùwẹ̀ gbẹ, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì torí NEPA. Bí wọ́n bá ṣubú fi orí gbálẹ̀, ilé ìwòsàn tààrà, kódà bí ẹ̀jẹ̀ kankan ò jáde, kódà bí wọ́n ní kò sóhun tó ṣe wọ́n.

Olùkọ́ Zaria

Ìbéèrè kan: ta ló sọ pé làkúrègbé ọjọ́ orí ni? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nípa ti bàbá ìyàwó mi, àyẹ̀wò ló fi hàn pé gout ni. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ lójijì lóru, oríkèé á pupa, á gbóná, wọn ò ní lè fi aṣọ kàn án. Colchicine díẹ̀ ni dókítà kọ fún wọn, wọ́n ń ṣọ́ INR wọn bó ṣe ń lọ.

Nọ́ọ̀sì Minna

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Mo fi kún un: bí orúnkún ẹni tó ń lo warfarin bá wú lójijì tó le pọ́nkí, pàápàá lẹ́yìn tó fẹsẹ̀ kọ tàbí tó ṣubú, ẹ̀jẹ̀ lè ti ya sínú oríkèé. Bó bá gbóná tí ibà sì bá a rìn, kòkòrò lè ti wọ ibẹ̀. Ẹ má fi ìkankan nínú wọn sùn sílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbẹ́ dúdú, ìtọ̀ pupa, èébì tó ní ẹ̀jẹ̀, imú tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tí kò dá lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, orí fífọ́ burúkú tó dé lójijì.

Bọ̀dá Lugbe

Gbogbo nǹkan ni ẹ ti kà léèwọ̀. Ẹ fún màmá ní tramadol kí wọ́n sùn, kò sí nínú ìdílé ibuprofen.

Apòògùn Wuse

Kò sí níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òun náà lè gbé INR sókè, ó máa ń kọ́ àgbàlagbà lójú, èébì, wọ́n lè ṣubú, ó sì lè di bárakú. Oògùn tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ ni. Bọ̀dá, ẹ ò tíì sọ fún wa ìgbà tí bàbá ṣe INR kẹ́yìn.

Bọ̀dá Lugbe

Ara bàbá le. Wọ́n ní ojú ọ̀nà Gwagwalada jìn.

Apòògùn Wuse

Ẹ gbé wọn lọ láàbù tó sún mọ́ yín lọ́la, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wo àwọ̀ ìgbẹ́ wọn náà.

Ọmọ Màmá, Kubwa

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo yẹ àpò màmá wò. Sáṣẹ́ẹ̀tì lúùlù oríṣi mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀, pẹ̀lú ìpara kan tí methyl salicylate wà lẹ́yìn rẹ̀ gbàgàdà. Wọ́n ní ti orí fífọ́ ni lúùlù náà, kì í ṣe ti orúnkún, pé dókítà ò bi àwọn nípa orí. A ti kó gbogbo rẹ̀ lọ sí kíníìkì nínú ọ̀rá. INR wọn 3.6. Dókítà ní ká kó lúùlù àti ìpara sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n tún hóró warfarin wọn ṣe, a máa padà lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Paracetamol àárọ̀ àti alẹ́, wọ́n sì kọ wá sí físíò.

Ìbéèrè mi kù méjì. Dókítà dárúkọ abẹ́rẹ́ inú orúnkún, ẹ̀yin sì ti ní ká sá fún abẹ́rẹ́. Èkejì, aládùúgbò wa ń gbé zogale (ewé moringa) wá fún wọn, ṣé kí wọ́n má jẹ ẹ́?

Apòògùn Wuse

Abẹ́rẹ́ inú orúnkún yàtọ̀ sí ti ìdí. Dókítà egungun tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń gún un fún ẹni tó ń lo warfarin bí INR bá wà ní ààyè rẹ̀. Kó kọ́kọ́ wálẹ̀ láti 3.6 ná.

Zogale, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ugu, ewé tútù ni gbogbo wọn, fítámínì K wà nínú wọn, ó sì ń bá warfarin jà. Kí wọ́n máa jẹ ẹ́ níwọ̀n kan náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Wàhálà ni kí wọ́n má jẹ ẹ́ rárá lóṣù yìí, kí wọ́n wá jẹ ìkòkò kan tán lóṣù tó ń bọ̀. Àgúnmu àti àgbo tí a ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ ni kí wọ́n yàgò fún. Kí wọ́n má sì lo Flagyl tàbí Septrin fún inú rírun láìsọ fún kíníìkì, àwọn méjèèjì máa ń gbé INR sókè gan-an.

Alhaja Kàdúná

Ọmọ Màmá, ẹ kí màmá. Ẹ fún mi ní nọ́ńbà ìyàwó àbúrò yín níkọ̀kọ̀, màá bá a sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì Minna

Bí ẹ bá ń gbé wọn lọ sílé fún ọdún, ẹ mú oògùn tó máa ju ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lò lọ, torí mọ́tò lè dúró sọ́nà Lokoja. Káàdì INR kó wà nínú àpò tí wọ́n gbé sára, kì í ṣe inú ẹrù. Bí wọ́n bá gbàgbé oògùn kan tí wọ́n rántí lọ́jọ́ náà, kí wọ́n lò ó. Bó bá ti di ọjọ́ kejì, kí wọ́n lo ti ọjọ́ yẹn nìkan, kí wọ́n má lò ó ní ìlọ́po méjì, kí wọ́n sì kọ ọ́ sórí káàdì.